Akátá Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Lé: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìfipábánilòpọ̀ àti Àwọn Tí Ń Dá Ẹni Tí A Ṣe Níkà Lẹ́bi

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọba tí kì í ṣe àbòsí, tí kò sì fẹ́ àbòsí láàrin àwọn ẹrúsìn Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú òdodo.

Ìbéèrè mẹ́ta kan wà tí kì í pẹ́ kí ó tó jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn nígbàkigbà tí ìròyìn bá dé pé wọ́n fipá bá ọmọbìnrin kan lò pọ̀. Ìbáà jẹ́ láàrin ọjà ní Ọjà-Ọ̀dàn, ìbáà jẹ́ ní ibùdókọ̀ Ìlaròó, ìbáà jẹ́ ní iwájú mọ́sálásí ní Ayétòrò lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ìbéèrè náà kì í yí padà: Kí ni ó wọ̀? Kí ni ó ń wá níbẹ̀? Aago mélòó ni ó jáde nílé? Ẹni tí ó bá fetí sílẹ̀ dáadáa yóò rí i pé kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó kan ọkùnrin tí ó dá ọ̀ràn náà. Wọ́n ti gbé ọmọbìnrin náà lọ sí ilé-ẹjọ́ tí kò ní adájọ́, wọ́n sì ti dá a lẹ́bi kí omijé ojú rẹ̀ tó gbẹ.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu àwọn aláìmọ̀kan nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jáde, ìbá ṣeé fojú fò. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé àwọn oníwáàsí kan ti gbé e gun orí mìńbárì, wọ́n sì ti fi aṣọ ẹ̀sìn wọ̀ ọ́. Bí a bá bi wọ́n, wọn a ní ìmọ̀ràn ni àwọn ń gba àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin. Irọ́ ni. Ìmọ̀ràn kọ́ ni. Ẹ̀bi ni wọ́n ń dì ru ẹni tí a ṣe níkà, àbòsí sì ni, Sàríà Ọlọ́hun kò mọ̀ ọ́n.

ÌMỌ̀RÀN YÀTỌ̀ SÍ Ẹ̀BI

Kò sí ọlọ́gbọ́n kan tí yóò sọ pé kí òbí má ṣe kìlọ̀ fún ọmọ. Ìgbà tí ọkùnrin kan bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bóyá kí òun fi ràkúnmí òun sílẹ̀ láìso kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun, Ànábì ní kí ó so ó ná, kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun. Ìyẹn ni ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n bí olè bá wá já okùn ràkúnmí náà lóru, ta ni wọn yóò fà lọ sí iwájú adájọ́? Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ rí pé wọ́n ge ọwọ́ ẹni tí olè jà lólè nítorí pé okùn rẹ̀ kò yi tó?

Àmì mẹ́ta ni a fi ń dá ìmọ̀ràn mọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀bi. Èkíní, ìmọ̀ràn a máa ṣáájú ìṣẹ̀lẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó lọ́wọ́ kọ́ ni a ń kọ́ bí a ti ń tọ́jú iná. Omi ni a ń gbé lọ bá a. Èkejì, ẹni tí ó lè dá ọ̀ràn ni ìmọ̀ràn a máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kí ó tó kan ẹni tí wọ́n lè dá a sí lára. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó gba ènìyàn nímọ̀ràn gidi a máa gbé nínú ẹrù náà. Baba tí ó ní kí ọmọ òun má ṣe dá rìn lóru a máa dìde lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ẹni tí ó bá dúró di ẹ̀yìn ìṣẹ̀lẹ̀, tí kò bá ọkùnrin kankan wí, tí kò sì gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀, kí ó má ṣe pe ohun tí ó ń sọ ní ìmọ̀ràn.

Àwọn baba wa ti parí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: a ní láti kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, kí a tó padà wá bá adìẹ wí. Lóde òní, ọ̀pọ̀ nínú wa kò lé akátá mọ́ rárá. Akátá jókòó sí ààrin agbo, ó ń gbọ́ bí a ti ń bá adìẹ tí ó ti fà ya wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

OHUN TÍ OJÚ RÍ NÍ ỌDÚN 2020

Ẹ jẹ́ kí a gbé ìbéèrè mẹ́ta yẹn lé orí òṣùwọ̀n. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 2020, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Yunifásítì Benin kan, ẹni ọdún 22, wà nínú ilé ìjọsìn rẹ̀ tí ó lọ kàwé nítorí pé ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é ní ìkà tí ó sọ ọ́ di olóògbé ní ọjọ́ kẹta. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún kan náà ni wọ́n pa ọmọbìnrin Mùsùlùmí kan, ẹni ọdún 18, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìbàdàn, nínú ilé òbí rẹ̀ ní agbègbè Akínyẹlé. Ìròyìn sì gbé e pé wọ́n fipá bá a lò pọ̀. Kí ni èkíní ń wá? Ìwé ni. Níbo ni èkejì wà? Ilé baba rẹ̀ ni. Ibi méjì tí gbogbo oníwáàsí máa ń ní kí ọmọbìnrin jókòó sí, ilé ìjọsìn àti ilé òbí, ibẹ̀ gan-an ni akátá ti bá wọn.

Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ìgbà náà kéde pé ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ 717 ni ó dé ọ̀dọ̀ àwọn láàrin oṣù kìíní sí oṣù karùn-ún ọdún 2020, àwọn gómìnà sì kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti di pàjáwìrì. Àwọn tí kò lè sọ kò sí nínú 717 yẹn. Ìwádìí tí àjọ ètò ìkànìyàn ṣe pẹ̀lú UNICEF ní ọdún 2014 fi hàn pé ọ̀kan nínú ọmọbìnrin mẹ́rin, àti ọ̀kan nínú ọmọkùnrin mẹ́wàá, ni wọ́n ti hu irú ìwà ìbàjẹ́ báyìí sí kí wọ́n tó pé ọdún 18 ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Kí àwọn tí ń béèrè aṣọ dáhùn: aṣọ wo ni ọmọkùnrin ọdún mẹ́jọ wọ̀? Ìrìn wo ni ọmọ tí kò tí ì ká eyín ń rìn? Bí ìdáhùn kò bá sí fún ti ọmọdé, a jẹ́ pé ìbéèrè náà kò ní òótọ́ nínú láti ìbẹ̀rẹ̀.

OGIRI ÀTI ALÁǸGBÁ

Wọn a dáhùn pẹ̀lú òwe: bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òwe náà dára fún ogiri. Aláǹgbá kò ní ọpọlọ, kò ní ẹ̀sìn, a kò sì ní jí i dìde ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀ láti wá jíhìn iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tí ó ti bàlágà, tí orí rẹ̀ sì pé, ni Sàríà di ẹrù iṣẹ́ rẹ̀ rù. Ẹni tí ó bá fi í wé aláǹgbá kò gbèjà rẹ̀. Ó sọ ọ́ di ẹranko.

Wọn a sì tún mú Àlùkùránì wá. Wọn a ka ẹsẹ 59 nínú Súúrà al-Ahzáb, níbi tí Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ fún àwọn obìnrin onígbàgbọ́ òdodo láti fa aṣọ wọn bo ara kí a baà lè mọ̀ wọ́n, kí a má sì ṣe yọ wọ́n lẹ́nu. Òdodo ni. Ṣùgbọ́n kí ni ìdí tí wọ́n fi ń pa Kùránì dé kí wọ́n tó dé ẹsẹ 60? Ibẹ̀ ni Ọlọ́hun ti kọjú sí àwọn ọkùnrin Mẹ̀dínà tí àrùn wà lọ́kàn wọn, tí Ó sì kìlọ̀ pé bí wọn kò bá jáwọ́, Òun yóò gbé Ànábì dìde sí wọn, wọn kò sì ní pẹ́ mọ́ nínú ìlú. Ẹsẹ méjèèjì tẹ̀lé ara wọn: èkíní bo obìnrin, èkejì halẹ̀ mọ́ ọkùnrin. Ẹni tí ó bá ka èkíní tí ó fo èkejì ti gé ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun sí méjì.

Bákan náà ni ti Súúrà an-Núúr. Ẹsẹ 30 ni ó pàṣẹ fún àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n rẹ ojú wọn sílẹ̀ kí wọ́n sì ṣọ́ ìhòòhò wọn. Ẹsẹ 31 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan àwọn obìnrin. Ọlọ́hun kò sì so àṣẹ ọkùnrin mọ́ ìmúra obìnrin. Kò sọ pé bí ó bá borí nìkan ni kí o rẹ ojú rẹ sílẹ̀. Nígbà Hájì Ìdágbére, Fadl ọmọ Abbas tejú mọ́ obìnrin arẹwà kan tí ó wá béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn lọ́wọ́ Ànábì. Orí Fadl ni Ànábì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò lé obìnrin náà, kò bú u, ó sì dá a lóhùn ìbéèrè rẹ̀. Hadíìsì yìí wà nínú Bukhari àti Muslim. Súnnà tí ó kọ́ni pé kí a yí orí ọkùnrin padà nìyẹn, mélòó nínú àwọn oníwáàsí wa ni ó ń ṣe é?

Hìjáábù jẹ́ ìjọsìn. Ọlọ́hun ni obìnrin Mùsùlùmí ń wọ̀ ọ́ fún. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ di àgádágodo tí a fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè ti dín iyì rẹ̀ kù. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá sì ṣe obìnrin tí ó wọ hìjáábù níkà, irú wáàsí bẹ́ẹ̀ yóò ní kí ó lọ wá ẹ̀bi mìíràn sí ara rẹ̀.

ÌDÁJỌ́ ÀNÁBÌ ÀTI TI ÀWỌN AṢÍWÁJÚ

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun. Abu Dawud àti Tirmidhi gba ọ̀rọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Wa'il ọmọ Hujr pé obìnrin kan jáde lọ kírun ní ayé Ànábì, ọkùnrin kan sì ká a mọ́ ọ̀nà, ó fipá bá a lò pọ̀. Obìnrin náà pariwo, àwọn ènìyàn sáré dé, wọ́n kọ́kọ́ mú ẹni tí kì í ṣe òun, títí tí ọ̀daràn gan-an fi jẹ́wọ́. Kí ni Ànábì sọ fún obìnrin náà? Ó ní kí ó máa lọ, Ọlọ́hun ti foríjì í. Kò bi í ní aṣọ, kò bi í ní aago, kò bi í pé èwo ni ti dídá nìkan rìn. Igbe rẹ̀ tó láti mú ìlú dìde. Àwọn onímọ̀ ní ọ̀rọ̀ lórí ìjìyà ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n lórí pé obìnrin náà kò jẹ̀bi, kò sí àríyànjiyàn. Bẹ́ẹ̀ ni Súúrà an-Núúr, ẹsẹ 33, ti sọ nípa àwọn ẹrúbìnrin tí olówó wọn ń fi agbára tì sí àgbèrè, pé lẹ́yìn tí a ti fi túláàsì mú wọn, Ọlọ́hun jẹ́ Aláforíjìn, Aláàánú.

Ẹ rántí Aishat náà, ìyá àwọn onígbàgbọ́ òdodo. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ já, ó padà lọ wá a, àwọn ọmọ ogun sì gbéra láìmọ̀ pé kò sí nínú àpótí orí ràkúnmí. Nígbà tí ó dé Mẹ̀dínà, àwọn munáfíkì bẹ̀rẹ̀ òfófó. Ọlọ́hun sọ ọ̀rọ̀ ìdáláre rẹ̀ kalẹ̀, láti ẹsẹ 11 nínú Súúrà an-Núúr lọ. Àwọn tí ahọ́n wọn ń gbé ọ̀rọ̀ kiri ni Ó bá wí. Kò sí ibì kan tí Ó ti bá Aishat wí pé èé ṣe tí ó fi dá padà lọ wá ìlẹ̀kẹ̀.

Ní ayé Umar ọmọ al-Khattab, ọkùnrin kan láti ìran Hudhayl fẹ́ fipá mú obìnrin kan, obìnrin náà sọ òkúta lù ú, ó sì kú. Umar ní Ọlọ́hun ni ó pa á, a kò sì ní san owó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìmáàmù Málíkì, tí ilé-kéwú wa gbogbo ń tọ ọ̀nà rẹ̀, là á sílẹ̀ nínú Muwatta pé ẹni tí ó bá fipá mú obìnrin yóò san owó orí fún un, ìjìyà kò sì sí lórí obìnrin náà. Abu Bakr Ibn al-Arabi, adájọ́ Màlíkì ará Andalusia tí ó kú ní ọdún 543 Híjírà, sọ nípa àwọn ọlọ́ṣà tí wọ́n jí obìnrin gbé lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní kì í ṣe ìdánà nítorí pé wọn kò gba owó. Ó bínú sí wọn. Ó ní ìdánà lórí abẹ́ obìnrin burú ju ti owó lọ, nítorí gbogbo ènìyàn ni yóò yàn pé kí owó òun lọ ju kí wọ́n ba aya tàbí ọmọ òun jẹ́.

Ẹni tí ó kàwé lè sọ pé Sàríà ń wo àyè ìṣọ́ kí ó tó ge ọwọ́ olè. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìdínkù ìjìyà ni ìyẹn. Kò sọ olè di olódodo, kò sì yí ẹ̀bi sí orí olówó. Ọ̀ràn ẹrù ni. Ara ọmọ ènìyàn kì í ṣe ẹrù tí a gbàgbé síta.

NÍGBÀ TÍ Ẹ̀BI DI PÀṢÁN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni èyí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2000, ilé-ẹjọ́ Sàríà kan ní Tsafe, Ìpínlẹ̀ Zamfara, dá ẹgba 180 fún ọmọdébìnrin kan tí ó lóyún láìlọ́kọ. Ó ní àwọn ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n bá òun lò pọ̀ láìjẹ́ ìfẹ́ òun. 100 jẹ́ ti sìná. 80 jẹ́ ti pé ó parọ́ mọ́ àwọn ọkùnrin náà. Wọ́n yọ 80 kúrò nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n wọ́n na án ní 100 ní oṣù kìíní ọdún 2001, lẹ́yìn tí ó ti bímọ. Àwọn onímọ̀ Màlíkì gba oyún ní ẹ̀rí. Àwọn ti Hánáfì àti Sháfíì kò gbà á. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan pé iyèméjì a máa lé ìjìyà hádì sẹ́yìn. Iyèméjì wo ni ó ju ti ọmọdé tí ó ń sunkún pé wọ́n fi agbára mú òun? Ẹsẹ tí Ọlọ́hun sọ kalẹ̀ láti dáàbò bo orúkọ obìnrin ni wọ́n fẹ́ yí padà di pàṣán fún obìnrin.

Ohun ìtìjú ni pé ilé-ẹjọ́ ìjọba ti ń fi ìbéèrè wọ̀nyí sílẹ̀ nígbà tí àwọn kan lórí mìńbárì ṣì dì í mú. Òfin Ẹ̀rí àtijọ́ gbà kí agbẹjọ́rò ọ̀daràn fi hàn pé obìnrin tí ó fẹjọ́ sùn jẹ́ oníwà pálapàla. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 234, kò gbà á mọ́ kí wọ́n máa bi í nípa ọkùnrin mìíràn, àfi bí adájọ́ bá yọ̀ǹda. Òfin ọdún 2015 tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn fi ẹ̀wọ̀n gbére lélẹ̀ fún ìfipábánilòpọ̀, ó sì ka ọkùnrin náà mọ́ àwọn tí a lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe irú òfin náà tirẹ̀ ní ọdún 2017.

ÀÀBÒ TÒÓTỌ́ NÍ ILẸ̀ YEWA

Kí ni kí a wá ṣe? Rírọ̀ ọmọbìnrin pé kí ó jókòó sílé kò tó, nítorí ẹnu-ibodè ni ilẹ̀ yìí. Oko jìnnà, ọjà jìnnà, alájàpá a máa jí kùtùkùtù. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 tí ìjọba ti ti ibodè títí wọ́n fi ṣí ti Ìdírókò ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ni ó ń gba ọ̀nà inú igbó wá oúnjẹ. Nígbà tí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran gbóná ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, àwọn ará abúlé mìíràn sá wọ ilẹ̀ Benin. Obìnrin tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀ yóò jáde. Ojúṣe ìlú ni pé kí ọ̀nà rẹ̀ dára.

Nítorí náà, kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan máa sin àwọn obìnrin délé lẹ́yìn ìrun ìṣáì àti wáàsí alẹ́, ní ẹgbẹ́ tí àwọn àgbà mọ̀. Kí àwọn tí ń lọ sí oko àti ọjà ní kùtù máa kó ara wọn jọ rìn. Kí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kadà kọ orúkọ àti nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ síta gbangba. Kí ilé-kéwú má ṣe jẹ́ kí olùkọ́ kan ṣoṣo dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo nínú yàrá títì, ìbáà ṣe ọmọbìnrin tàbí ọmọkùnrin. Ànábì kọ̀ ọ́ kí ọkùnrin dá wà pẹ̀lú obìnrin tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, ọkùnrin ni ó sì darí ọ̀rọ̀ náà sí. Kí áfáà tí ó bá kọ èyí mọ̀ pé òun ni a ó kọ́kọ́ ṣọ́.

Kí a sì kọ́ àwọn ọmọkùnrin wa. Bí ọmọbìnrin ti ń gbọ́ ìkìlọ̀ ní ìgbà mẹ́wàá, kí ọmọkùnrin gbọ́ ọ ní ìgbà ogún: pé bẹ́ẹ̀ kọ́ túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ kọ́, pé ìdákẹ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í ṣe ìyọ̀ǹda, pé ọ̀rẹ́ tí ó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún ọ̀daràn jẹ́ ọ̀daràn.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, kí ẹ̀yin òbí má ṣe béèrè ohunkóhun ju ibi tí ó ń dùn ún lọ. Kí ó má tí ì wẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú aṣọ tí ó wọ̀ sínú àpò bébà. Kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lójú ẹsẹ̀. Oògùn tí ó ń dènà kòkòrò àrùn éèdì kò wúlò mọ́ bí wákàtí 72 bá ti kọjá, èyí tí kì í jẹ́ kí oyún wáyé kò sì kọjá ọjọ́ márùn-ún. Òfin ìlera ti ọdún 2014 kò gbà kí wọ́n kọ aláìsàn pàjáwìrì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Kí baálé, lémọ́mù tàbí ìyá-ẹgbẹ́ má ṣe sọ pé kí a parí rẹ̀ nílé. Kò sí ohun tí a ń parí. Owó ìtanràn tí baba gbà nítorí ara ọmọ rẹ̀ kì í ṣe halálì. Fífi ọmọ náà fún ẹni tí ó ṣe é níkà kí ó fi ṣe aya, ìkà kejì ni.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí a bá ti lé akátá dé ibi tí kò ti lè padà mọ́, tí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ti tì mọ́ ọn, tí ọ̀nà oko àti ti ọjà sì ti dára, nígbà náà ni ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ kan láti bá adìẹ sọ lè padà wá sọ ọ́, pẹ̀lú ìfẹ́ àti ohùn pẹ̀lẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ó rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí ó kù láti sọ.

Kí Ọlọ́hun Ọba wo ọgbẹ́ àwọn tí a ṣe níkà sàn, kí Ó má ṣe jẹ́ kí ahọ́n wa jẹ́ òkúta kejì tí a ó sọ lù wọ́n, kí Ó sì fún wa ní ọkàn tí ó lè dúró ti òdodo bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí inú wa ni ó dá ọ̀ràn náà. Àmín.